Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún Dókítà Ògúnlànà ni Ojú-Ewé-Wo. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀, ó sì dá mi lójú pé inú rẹ̀ dùn sí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá nawọ́ ní kíláàsì, tó ní, "Sà, wọ́n ní òkun ń gòkè sí i," kíá ni yóò ti dá a lóhùn: "Ta ni 'wọ́n'? Nínú ìwé wo? Ojú ewé wo?" Ọmọ náà á jókòó wọ̀ọ̀. Mo mọ àwọn tí kò tún nawọ́ mọ́ títí wọ́n fi gboyè.

Ọdún mẹ́sàn-án lèmi àti ẹ̀ fi jọ ń lo ọ́fíìsì kan náà ní yunifásítì wa. Kẹ́mísìrì lèmi ń kọ́ wọn, jọ́gíráfì ni tirẹ̀. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, èmi ni gbogbo ẹni tó bá ń wá a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, èmi ni wọ́n sì máa ń rọra bi bóyá inú rẹ̀ dùn lónìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń lọ wò wọ́n. Èmi ní tèmi, Òde Máhìn ni wọ́n bí mi sí.

Aago méje àárọ̀ kì í bá a nílé. Á nu tábìlì rẹ̀, á to bírò mẹ́ta sójú kan, dúdú, búlúù, pupa, á wá ṣí ìwé. Ó ń kàwé bí àwọn kan ṣe ń jẹ ẹja eléegun, pẹ̀lú sùúrù, láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, á ti gbójú sókè, á sì sọ ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́: "Dókítà Àràmídé, àwọn ọmọ yìí ò kàwé mọ́."

Mo máa ń jà fún wọn. Mo máa ń sọ pé orí fóònù ni wọ́n wà láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀ náà. Á ní ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkà, wọ́n kàn ń ṣa ọ̀rọ̀ jẹ bí ẹ̀pà ni. Á ní ẹni tó bá ń kàwé gbọ́dọ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá ibi tí kò dùn, torí ibi tí kò dùn ni òótọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Mo ti yá a lò nínú kíláàsì tèmi láìdárúkọ ẹni tó ni ín.

Kí n má purọ́, olùkọ́ gidi ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn tuntun bá wọlé, kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ìwé tín-ín-rín kan ló máa ń mú lọ, á sì ka orí kìíní sí wọn létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn kan á sùn. Àwọn kan á máa wo òrùlé. Bó bá parí, á bi wọ́n pé: "Kí ni ẹni yìí mọ̀ tí kò sọ?" Lọ́dọọdún, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ìbéèrè yẹn máa ń wọ̀ lára, wọ́n sì máa ń kọ̀wé sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ tán. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí èmi nípa ásíìdì rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀. Òkun ló ń kọ́ àwọn ọmọ, bí omi ṣe ń kún, bó ṣe ń fà, bó ṣe ń jẹ ilẹ̀ etí òkun. Síbẹ̀, fún odidi ọdún mẹ́sàn-án, kò kọjá èbúté Ìgbòkòdá rí. Ẹ̀rù omi ń bà á. Tí n bá dábàá pé ká lọ sílé wa lópin ọ̀sẹ̀, á ní òun ní ìwé láti kà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lábẹ́ rẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan kọ ìwé tó lé ní ọgọ́ta ojú ewé, ìwé ìdánwò tó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún tún wà lórí tábìlì. Mi ò fi ìyẹn gbè é, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìndínlógún náà ni Rekiyat, ọmọ ìletò kan lẹ́bàá Àràròmí. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, híjáàbù rẹ̀ kì í wọ́, kì í sì í jókòó síwájú kíláàsì, kì í jókòó sẹ́yìn. Ohun tó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Ó kun àmì sára òpó tó wà láàárín ilé wọn, nísàlẹ̀, níbi tí omi òkun máa ń dé tó bá kún. Fún ọgọ́ta ọjọ́ ló fi ń wo ibi tí omi dé lára òpó náà, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà Ògúnlànà fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn.

Lẹ́tà olùyẹ̀wò dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní kí wọ́n wo tábìlì kẹta nínú iṣẹ́ Rekiyat. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, omi ń gun òpó náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé sẹ̀ńtímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ó já wálẹ̀ sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ibẹ̀. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò béèrè pé ta ló bójú tó iṣẹ́ yìí.

Ojú Dókítà Ògúnlànà pọ́n. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló dùn ún jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀: orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún náà. Ó ránṣẹ́ pe Rekiyat, ọmọ náà sì dúró síwájú tábìlì rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Rekiyat, kí lo rí lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n?"

"Sà, mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ohun tó o kọ síbẹ̀ náà ni mò ń bi ọ́! Ṣé o lọ wo omi lọ́jọ́ yẹn, àbí o jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ò ń kọ iye tó wù ọ́?"

"Mo lọ, sà. Ó wà nínú iṣẹ́ náà, sà."

"Má sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ fún mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Níbi tí mo jókòó sí, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jẹ̀bi ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Dókítà Ògúnlànà ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ màgòmágó. Wọ́n fi ẹjọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gba ohun tó kọ gbọ́, wọn ò ní kàn sọ pé kí Rekiyat tún iṣẹ́ ṣe. Wọ́n á lé e lọ ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nígbà tó ku oṣù méjì kó gboyè.

Lọ́jọ́ Ajé, ara Dókítà Ògúnlànà ò balẹ̀. Ó ń to bírò, ó ń tú u. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fìyà jẹ ọmọ aláìṣẹ̀, òun nílò ẹ̀rí.

Mo ní, "Ẹ̀rí wo ló tún kù? Ẹ lọ wo òpó náà."

"Òpó wo?"

"Òpó ilé wọn. Tí àmì bá wà lára ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí, ó purọ́. Àbí ẹ ti débẹ̀ rí?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo da omi tútù sí lára. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ní kí n sin òun lọ.

Ọjọ́rú la dé èbúté Ìgbòkòdá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Goodluck ló wa ọkọ̀ wa, ọkùnrin àgbà kan tó mọ bàbá mi. Dókítà Ògúnlànà béèrè ẹ̀wù tó ń léfòó lórí omi, ó wọ̀ ọ́, ó tún gba ẹyọ kan sí i, ó gbé e lé itan. Báàgì tí iṣẹ́ Rekiyat wà nínú rẹ̀ ló gbá mọ́ àyà. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bú, ó di etí ọkọ̀ mú, kò sì fi sílẹ̀ mọ́. Goodluck ń wò mí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí tí n bá fi lè rẹ́rìn-ín, ọ̀gá máa ní ká yí padà.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ó wo àwọn ilé onípákó tó dúró lórí òpó, ó wo àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kékeré lọ sọ́jà. Ó wo àwọn òpó kan tó dá dúró láàárín omi, láìsí ilé lórí wọn. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fi àwọn yẹn ṣe. Mo ní ilé ló wà lórí wọn tẹ́lẹ̀. Ó mi orí, ó ní òun máa ń fi àwòrán wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Rekiyat ló wá pàdé wa létí omi. Mo ti fi tẹlifóònù sọ fún un pé à ń bọ̀. Bàbá rẹ̀, Gàfárù, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Mo kí i lédè ilé wa, ó dáhùn, ó sì bi mí ọmọ ta ni mí ní Òde Máhìn. Nígbà tó kojú sí Dókítà Ògúnlànà, ó yí padà sí Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ilé ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Tísà ọma mi, ẹ káàbọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín ṣáá. Ó ní ẹ máa ń ka ìwé dé ìdí."

Dókítà Ògúnlànà ní òun fẹ́ rí òpó.

Òpó wà níbẹ̀. Abẹ́ ilé la wọ̀ sí, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iyanrìn tútù wọ bàtà wa. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tó ga tó àyà mi ni ọmọ náà ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà, ó sì kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Àmì omi tó ti dé lára igi náà hàn kedere. Dókítà Ògúnlànà fọwọ́ kan àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀. Ó yọ rúlà, ó wọn àlàfo àárín wọn. Gbogbo rẹ̀ pé.

"Ó wọ̀n ọ́n dáadáa," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ga mọ́. "Ṣùgbọ́n báwo ni omi ṣe wá fà lẹ́ẹ̀kan náà? Bàbá, ìgbà wo lẹ ri òpó yìí síbí?"

"Síbí kẹ̀? Kò tí ì pẹ́." Gàfárù nawọ́ sí ojú òkun, níbi tí ọkọ̀ apẹja kan ń kọjá. "Ọ̀hún ni ulé wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi wọ yàrá, a tú u, a gbé e wá síbí, a tún un tò."

"Gbogbo ilé?"

"Ṣé ká fi í sílẹ̀ fún òkun ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá èmi náà lójijì. Èmi tí mo pe ara mi ní ọmọ omi. Ní Òde Máhìn, ibi tí wọ́n kọ́ ilé wa sí ló ṣì wà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé wọ́n lè ti gbé ilé náà. Fún Rekiyat, òpó àárín ilé ni òpó àárín ilé, ibikíbi tí ilé bá dúró sí. Òun la bí i bá, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì ti gbé e kúrò lójú kan láti ìgbà tí ó ti dáyé. Kò rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ kí ilé dúró sójú kan kí a tó lè fi wọn nǹkan.

Dókítà Ògúnlànà yíjú sí ọmọ náà. Inú ń bí i, ara sì tún ń tù ú, méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn lójú rẹ̀.

"Rekiyat! Irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí ló dé tó ò kọ ọ́ sínú iṣẹ́?"

"Mo kọ ọ́, sà."

"Ojú ewé wo?"

Ó ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ojú ewé kọkànlélógójì, sà."

Dókítà Ògúnlànà ṣí báàgì. Èmi ni mo dúró tì í, nítorí náà mo rí i. Gẹ̀ẹ́sì ni Rekiyat fi kọ ọ́, ohun tó sọ sì nìyí: "Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, a gbé ilé wa sẹ́yìn ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀, nítorí omi ti wọ yàrá. Òpó tí mo fi ń wọn omi bá ilé lọ. Kí ẹni tó bá ń wo tábìlì kẹta má ṣe rò pé omi fà. Omi kò fà. Àwa la sá."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, létí ìwé, bírò pupa ti fa àmì pé ibẹ̀ dára. Ọwọ́ Dókítà Ògúnlànà ni. Mo mọ àmì yẹn bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi, torí bó bá ti ń ṣí ìwé àwọn ọmọ lójú ewé kan sí òmíràn ló máa ń fà á, bí ẹni ń ta eṣinṣin dànù.

Ojú tì í. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Ojú ti èmi náà, torí mo wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn ń sọ pé òun kọ ọ́ síbẹ̀, tí mo sì gbà pé ẹ̀bi ló ń fi pamọ́. Ìyá Rekiyat gbé ẹja yíyan àti gààrí wá fún wa. Èmi jẹ ẹ́. Dókítà Ògúnlànà fi ọwọ́ kan án, ó dúpẹ́, ó ní òun ti jẹun nílé.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà, mo gbà á nímọ̀ràn. Mo ní kò sí ohun tó le nínú rẹ̀. Kó sọ fún ìgbìmọ̀ lọ́la pé òun rìnrìn àjò lọ wo ibẹ̀ fúnra òun, òun ṣèwádìí, òun sì rí i pé ilé ni wọ́n gbé. Ọmọ á bọ́, orúkọ òun náà á mọ́, wọ́n tún máa yìn ín. Ẹ̀dà tó ní àmì pupa wà nínú báàgì rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ọwọ́ rẹ̀ kò sí létí ọkọ̀ mọ́, ó ti gbàgbé láti bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ jókòó. Mo wọlé bá wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sin ín lọ. Rekiyat jókòó sórí àga kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Dókítà Ògúnlànà dìde, ó gbé iṣẹ́ náà sórí tábìlì, ó ṣí i sójú ewé kọkànlélógójì, ó sì tì í síwájú alága.

Alága kà á. Ó rí àmì pupa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ ti fọwọ́ sí ibí yìí."

"Mo fọwọ́ sí i. Mi ò kà á."

Ẹnì kan ń wo fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Alága, tó jẹ́ pé òun náà mọ orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é, rọra béèrè, kò sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ojú ewé mélòó lẹ kà?"

"Mẹ́sàn-án," ni Dókítà Ògúnlànà dáhùn. "Nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Wọ́n dá Rekiyat láre kí a tó kúrò níbẹ̀. Dókítà Ògúnlànà fúnra rẹ̀ gba lẹ́tà ìkìlọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún náà. Ó ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé ó mú iṣẹ́ Rekiyat wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi kà á, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Bírò pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kàn án. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà mìíràn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà mìíràn á padà sí ojú ewé tó ti ṣí kọjá.

Rekiyat wá gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde.

"Ó dáa púpọ̀," ni Dókítà Ògúnlànà sọ. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

"Kò sí nǹkan, sà."

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ béèrè, kò sí nínú iṣẹ́. Mo wá a títí. O kọ pé òpó bá ilé lọ. Òpó yẹn wúwo, mo fọwọ́ kàn án. Ta ló rù ú?"

Ọmọ náà wo àga, ó wo èmi, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

"Èmi ni, sà," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí ọ̀dà náà bó kúrò."

Dókítà Ògúnlànà mi orí. Ó ṣí ojú ewé kọkànlélógójì, ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì kọ ìdáhùn náà síbẹ̀ lábẹ́ àmì pupa rẹ̀.